Pupa Wo?

Mo fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó bá ka ìwé yìí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí ilé-ìwé tó dópin fún mi. Láti ìgbà náà, lẹ́tà tí mo ń kọ sí àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ ní Abẹ́òkúta nìkan ni mo fi ń dán ọwọ́ mi wò. Òun gan-an máa ń kọ̀wé padà pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí lẹ́tà yín gbà, ṣùgbọ́n níbo ni gbólóhùn àkọ́kọ́ parí sí?" Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí mo bá fo ohun kan tí mo tún padà lọ mú un, ẹ bá mi mú un mọ́ra.

Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa ní Ìlaròó ló fà á. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣe rédíò tún ti ń gba ènìyàn, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń wá bá mi nídìí omi ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ yín yẹn dáa? Ṣé kí n lọ fi orúkọ sílẹ̀?" Èmi tí ẹnu mi wúwo, màá máa wo inú korobá mi, màá ní, "Ó dáa. Kò sì dáa." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ ni àbí orógbó?" Ìdáhùn tí mi ò lè fi ẹnu sọ ni mo ń kọ yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ náà ò fi orúkọ pè wá, èmi náà ò ní fi orúkọ pè é.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ yàrá wa lónìí, tí ẹ ní kí tábìlì èyíkéyìí mú pupa wá, gbogbo wọn ni yóò gbójú sókè tí wọn yóò bi yín pé, "Pupa wo?" Nígbà kan, kò sẹ́ni tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Nítorí pé a kò bèèrè, ó kù díẹ̀ kí obìnrin kan pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, èmi tí mo jókòó tì í ni mo sì lè gbà á là.

Ẹ̀pà sísè ni màmá mi ń tà. Láti kékeré ló ti ń gbé e lé mi lórí pé kí n kiri. Màá rìn yí ìlú ká, ṣùgbọ́n bí mo bá dé iwájú ilé tí ènìyàn pọ̀ sí, ohùn mi á sá wọlé. Màá kọjá wuuru bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe gbé ẹ̀pà jáde náà ni mo ṣe gbé e wọlé. Màmá mi ṣí i, ó wò ó, ó ní, "Ṣé àwọn ará ìlú ò fẹ́ ẹ̀pà ni, àbí o ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀pà ló wà lórí ẹ?"

Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló gbà mí sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sín, ti ìdí àti ti ọrùn, fún àwọn tó ń gbéyàwó àti àwọn tó ń kó ọjà lọ sí òdìkejì ibodè. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, pé ọmọ tí kò lè pariwo, ó ṣeé ṣe kí ó lè ríran. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà sídìí igbá ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n ké sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà dé, wọ́n ní ó tóbi ju ìlú lọ. Wọ́n ní ó ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè tí a ò lè kà tán, àti pé àwọn tó wà lókè níbẹ̀ kì í rí àwọn tó wà nísàlẹ̀ títí wọ́n á fi kú. Tiwa kàn jẹ́ ilé kòkó àtijọ́ kan lójú ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, tí wọ́n sì so fáànù mọ́ àjà rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, òórùn kòkó ṣì máa ń jáde látinú ògiri. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá, máníjà òyìnbó ní kí a na ọwọ́. Ó ń tẹ ìka wa wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan ilá tí kò tíì gbó. Ó tẹ tèmi, ó mi orí, wọ́n sì so páálí kan mọ́ mi láyà: Mẹ́tàdínlógún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dáa níbẹ̀ láìfi bò. Owó oṣù kì í yẹ̀. Ọjà ìbá tà, kì bá tà, òjò ìbá rọ̀, kì bá rọ̀, Jímọ́ọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ni. Páànù tó wà lórí ilé ìdáná wa, iṣẹ́ ìka mi ni. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń fún wa lóògùn ibà láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sunkún. Fáànù ń fẹ́ sí wa lára nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń làágùn lóko ẹ̀gẹ́. Èyí tó sì wù mí jù ni èyí tí àwọn yòókù kórìíra. Gbogbo ayé ló ti ń bá mi wí láti kékeré pé n kì í sọ̀rọ̀. Mo wá dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri, lédè méjì, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé mo ti rí ibi tí Ọlọ́run dá mi sí.

Ohun tí kò dáa náà, ẹ gbọ́ ọ. Wọn kì í pe orúkọ wa. Bí mo bá ti ń wọlé lẹ́yìn iṣẹ́, màmá mi á ní, "Mẹ́tàdínlógún, káàbọ̀. Méjìdínlógún ńkọ́?" Awẹ́ igi kan ṣoṣo ló wà fún tábìlì wa, ẹni tó bá fẹ́ lọ ilé ìyàgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú un dání, tí kò bá sì tíì padà, kí ẹlòmíì mú sùúrù. Nígbà tí àbúrò Màmá àgbà kú, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sí ìsìnkú, ọ̀gá yàrá wa bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo máa gbẹ́ ilẹ̀ ni?" Wọ́n tún ní kí a má máa kúnlẹ̀ kí ara wa láàárọ̀, pé ìkíni ń jẹ àkókò. Ojú wa á pàdé, a ó kàn máa wo ara wa bí ẹni tó jà.

Mi ò sì gbọ́ ohùn rédíò kan rí níbẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n ń gbé síwájú wa, ó ní ihò lára. A ó mú àwọn wóró kéékèèké tí iná mànàmáná ń gba inú wọn kọjá, a ó kì wọ́n bọ ihò wọn, a ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé lé ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n má ṣí. Ihò mẹ́fà ni tèmi. Wọ́n á wá kó pátákó náà lọ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti ń to rédíò gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, gbé rédíò rẹ̀ tó ti kú wá bá mi lọ́jọ́ ìsinmi kan. Gbogbo ilé péjọ láti wò mí. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo inú rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn dúró wo ìlú láti orí òkè. Mo tún un dé.

Bàbá ní, "Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Bàbá, ihò mẹ́fà péré ni mo mọ̀ níbẹ̀."

Ó wo màmá mi. "Ilé-iṣẹ́ rédíò lẹ ní ọmọ yín wà? Oníhò-mẹ́fà ni ọmọ yín!" Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi fún oṣù mẹ́ta.

Obìnrin tó jókòó lápá ọ̀tún mi ni Méjìdínlógún. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, nítorí ó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Ará Ìjóun ni. Ẹbu epo ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó wá sọ́dọ̀ wa, ó ń fún epo, ó ń gbé e kọjá ibodè lọ tà, ó sì ti kó ìwọ̀nba èdè Faransé padà wálé. Bí ènìyàn bá fún un lómi, á ní, "Mèsí," á sì tẹríba bí ìyàwó aláṣẹ. Ọkọ rẹ̀ sọdá lọ sí Kùtọnù kò sì padà, àwọn ẹbí ọkọ sì gba ọ̀pẹ wọn. Ó wá gba yàrá kan lẹ́yìn ilé wa pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ó fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ilé-ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ A. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀ nínú yàrá náà.

Bí a ṣe ń mọ wóró wo ló lọ sínú ihò wo nìyí. Wọ́n ti fi ọ̀dà pa wọ́n lára ní ìlà-ìlà bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọ̀ ìlà àkọ́kọ́ la fi ń dá wọn mọ̀. Níwájú tábìlì kọ̀ọ̀kan, ìṣó kan wà lára ògiri, wọ́n á fi páálí kan kọ́ ọ, wọ́n á sì lẹ wóró gidi mọ́ àyè ihò rẹ̀ lórí páálí náà. A kàn ń wò ó ni, a ń ṣe bí a ti rí i. Láràárọ̀, kí agogo tó lù, máníjà òyìnbó á rìn láti tábìlì dé tábìlì, á wo páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, iṣẹ́ yí padà, máníjà wà ní Èkó, páálí tuntun kò sì tíì dé. Ọ̀gá yàrá kò fẹ́ kí ọwọ́ wa dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ti jáde ní girama, ó sì ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ bí wọ́n ṣe gbé e wá sí ìlú wa. Ó mú ìwé kan dání, èdè òyìnbó ló wà lára rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́! Ihò kẹta yí padà. Pupa ni kí ẹ fi síbẹ̀. Pupa! Mi ò fẹ́ ìbéèrè o, ẹ̀yin ará oko."

Abọ́ méje ló wà níwájú wa. Nínú méje yẹn, mẹ́rin wà tí ẹni tí orí rẹ̀ pé lè pè ní pupa. Ọ̀kan rí bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan rí bí epo. Ọ̀kan rí bí ilẹ̀ ọ̀nà Ayétòrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan rí bí ìyeyè. Èmi mú èyí tó rí bí ẹ̀jẹ̀, nítorí ìyẹn ni tíṣà wa na ọ̀pá sí lára ògiri ní ìwé kejì tó ní kí a pè ní pupa. Mo wá rí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó lọ tààrà sínú abọ́ tó rí bí epo, kò tilẹ̀ ṣe iyèméjì.

Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo rí ọwọ́ yẹn tó ń lọ tó ń bọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí a ṣíwọ́. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí pátákó dúdú, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti lọ nìyẹn. Nọ́ńbà mi kò hàn níbẹ̀ rí, mo sì ń fi ìyẹn yangàn nínú ara mi. Mo tún ń rò ó pé, ta ló mọ̀, bóyá òun ló tọ̀nà, èmi ni mo ṣìnà. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán a jókòó sábẹ́ igi kan náà, níbi tí òfin kò dé. Mo la ẹnu. Mo fi mọ́ínmọ́ín sí i.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í padà láti Èkó. Rédíò tí wọ́n fi pátákó wọ̀nyẹn ṣe kò sọ̀rọ̀, ó ń hó bí ìkòkò tí iná pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tó ṣe é wà lẹ́yìn pátákó kọ̀ọ̀kan, Méjìdínlógún ló sì wà lẹ́yìn gbogbo èyí tó padà. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Ọ̀gá yàrá da àpótí kan sórí tábìlì wa.

"Ta ni Méjìdínlógún?"

Ẹ̀gbọ́n dìde.

"Kí ni mo ní kí ẹ fi sí ihò kẹta?"

"Pupa ni, sà."

"Kí lo fi síbẹ̀?"

"Pupa ni mo fi síbẹ̀, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbé pátákó náà sún mọ́ imú Ẹ̀gbọ́n. "Èyí ni pupa? Ṣé ojú ẹ ti fọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó dáadáa, bí ẹni tí wọ́n gbé ọjà rẹ̀ padà wá fún. Ó ní, "Ọ̀gá, ogún ọdún ni mo fi fún epo. Bí èyí ò bá jẹ́ pupa, kí ni wọ́n wá ń pè ní epo pupa?"

Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu wọn. Ọ̀gá ní kó jókòó, pé ìwà ará oko kì í tán lára ẹni tó ti oko wá, pé bó bá di àárọ̀ ọ̀la, máníjà yóò lé e lọ.

Bí a ṣe ń ṣíwọ́, ọ̀gá ké sí mi. Èmi àti òun nìkan ló kù nínú yàrá náà. Ó ti fi ẹ̀rọ tẹ ìwé kan lédè òyìnbó, ó sì kà á fún mi ní Yorùbá. Ìwé náà ní èmi, Mẹ́tàdínlógún, gbọ́ nígbà tí ọ̀gá sọ̀rọ̀, pé ó fi ọwọ́ kan abọ́ tó yẹ, kí gbogbo ènìyàn lè rí i, àti pé Méjìdínlógún mọ̀ọ́mọ̀ mú òmíràn nítorí àìbìkítà.

Mo ní, "Sà, ẹ ò fọwọ́ kan abọ́ kankan." Ohùn mi kéré débi pé ó ní kí n tún un sọ. Mi ò tún un sọ.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ lo jókòó tì í. Ìwọ lo kì í sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́. Fọwọ́ sí i, kí o mú un wá láàárọ̀. A ń wá hẹ́ẹ̀dì fún tábìlì yín." Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Tàbí kẹ̀, kí n bi ọ́: ṣé o ò rí ohun tó ń mú ni? O rí i, o sì dákẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ lè jọ lọ."

Ẹ̀gbọ́n ti dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ìwé wà nínú aṣọ láyà mi, kò mọ̀. A rìn dé ìdajì ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ yìí, bí mo bá kó wọn padà sí Ìjóun, àárín ta ni mo fẹ́ kó wọn sí? Ọ̀pẹ kì í tún ṣe tèmi mọ́." Lẹ́yìn náà ló dúró. "Ohun kan ló ń dùn mí. Ìwọ rí mi lọ́jọ́ yẹn, àbí o ò rí mi?"

Mo ní, "Mo rí yín."

"Ó dáa," ló sọ. Ì bá ṣe pé ó bú mi ni, ǹ bá rí oorun sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ojúmọ́ ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀. Mo gbé igbá ìlẹ̀kẹ̀ Màmá àgbà sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe gan-an. Mo kàn ní, "Màmá àgbà, ẹ bá mi mú pupa kan."

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wóró iyùn ló mú. "Èyí ni pupa. Gbogbo èyí tó kù, ó ń dọ́gbọ́n ni."

Màmá mi nawọ́ kọjá rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Pupa nìyí." Èyí tó mú rí bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. "Ṣé epo kọ́ ni gbogbo ayé fi mọ pupa?"

Bàbá sọ̀kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbé ẹnu yín kúrò. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi." Eruku oko bò ó dé orúnkún. "Kí ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa? Ilẹ̀ pupa. Ó tán." Ó mú èyí tó rí bí erùpẹ̀, ó sì gbé e lé orí eékún rẹ̀ kí a fi wé e.

Ìyàwó kan wà nínú agbo ilé wa tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ìyàwó Pupa ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń lọ lọ́nà rẹ̀ ni, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó yà wọlé. "Kí ni wọ́n ń fi pupa ṣe láìpè mí?" Ó na apá rẹ̀ lé igbá náà, ó wá èyí tó fara jọ ọ́, èyí tó rí bí ìyeyè. "Bí èyí ò bá jẹ́ pupa, a jẹ́ pé ẹ ti ń pa irọ́ mọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí."

Ariwo sọ. Bàbá ní ojú màmá mi ti ń kú. Màmá mi ní kí Bàbá lọ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ná kó tó fi ṣe àwòṣe. Màmá àgbà ní òun ò bá ẹni tí kò ní iyùn jiyàn. Èmi jókòó sí àárín wọn, mo ń wo wóró mẹ́rin lórí ẹní, gbogbo wọn jẹ́ pupa, kò sí ẹni tó purọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ọ̀gá ṣe. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ abọ́ kan ṣoṣo. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fi pupa rọ́pò rẹ̀, ó rò pé òun ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n pupa tiwa ní ìrù. Pupa bí epo ni, pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni, pupa bí ilẹ̀ ni. Ó mú orí ọ̀rọ̀ fún wa, ó gé ìrù rẹ̀ jù nù, ó sì ní òun ò fẹ́ ìbéèrè. Ó ní ará oko ni wá. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, nínú gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ni kò gbọ́ Yorùbá.

Mo bínú. Mi ò mọ̀ pé mo lè bínú tó bẹ́ẹ̀. Mo bínú sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó kọjá lára rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rántí bí mo ṣe ń dúpẹ́ pé mo rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wọn ò sanwó fún un. Wọ́n kàn gbà á lọ́wọ́ mi ni, wọ́n sì fẹ́ fi lé ènìyàn jáde.

Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò mi, ìdáhùn mi nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ. Owó náà mọ́, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé páànù ilé ìdáná wa kì í ṣe páànù. Ẹ gba oògùn ibà yín lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí yín. Ìka yín ni wọ́n tẹ̀ wò lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín, ìka yín ni kí wọ́n lò. Wọn ò tẹ ahọ́n yín wò. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un, tí àwọn tó wà láàárín bá sì jẹ́ irú ọ̀gá yàrá wa, irọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Èmi tí mo bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ mọ̀ mí. Mi ò lè ké sí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀pà. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ tijú jù mí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí kí màmá mi tó dá iná. Mo tẹ́ ìwé ọ̀gá sórí itan mi, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un, mo sì rán wóró ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin àná mọ́ ọn lórí ìlà kan: iyùn Màmá àgbà, epo màmá mi, ilẹ̀ Bàbá, apá Ìyàwó Pupa. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́ mo kọ *pupa*. Lábẹ́ ìkejì mo kọ *pupa*. Mo kọ ọ́ lábẹ́ ìkẹta àti ìkẹrin, mo jẹ́ kí lẹ́tà náà rí bákan náà, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa rárá lè rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Nísàlẹ̀ mo kọ pé, "Wọn ò fi abọ́ hàn wá. Mo rí i, mi ò sọ." Mo kọ́kọ́ kọ Mẹ́tàdínlógún síbẹ̀. Mo fa ìlà sí i lórí, mo sì kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Mo débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo yọ páálí kúrò lára ìṣó tábìlì wa, mo fi ìwé náà kọ́ síbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kọjú síta, níbi tí máníjà yóò gbà kọjá kí agogo tó lù. Lẹ́yìn náà mo jókòó. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wọlé, mo dìde, mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo sì kí i sókè: "Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."